Ta Ló Tú Omi Sílẹ̀? Ìgbà Ooru Lórí Àwọn Odò Texas

Lọ́jọ́ Sátidé èyíkéyìí nínú oṣù Keje, ẹni tí kò bá tíì dé New Braunfels kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù yóò wá ibi tí yóò gbé ọkọ̀ sí títí. Ìlú náà wà láàárín San Antonio àti Austin, lójú títì I-35, ohun tó sì ń pe èrò síbẹ̀ kò ju odò kan tí gígùn rẹ̀ kò tó máìlì mẹ́ta lọ. Comal ni wọ́n ń pè é. Láti ibi tó ti ń sun jáde nínú ọgbà Landa Park títí dé ibi tó ti ń wọ odò Guadalupe, máìlì méjì ààbọ̀ péré ni. Èrò á yá túùbù ńlá, wọn á gbé e kọ́ èjìká, wọn á sọ̀ kalẹ̀ sétí omi, wọn á fìdí lé àárín rẹ̀, omi á sì máa gbé wọn lọ. Tó bá tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, wọn á gòkè, bọ́ọ̀sì á kó wọn padà síbi tí ọkọ̀ wọn wà. Eré náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kò sí àjẹ̀, kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sẹ́ni tó ń sáré. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀, tí wọ́n ti ń kó ẹbí àti àlejò lọ sórí odò láti ayé túùbù dúdú tí wọ́n ń yọ nínú táyà tírélà, mọ̀ pé ìbéèrè kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú iye owó túùbù àti ibi tí wọ́n ti ń ta yìnyín. Ta ló tú omi yìí sílẹ̀? Ṣé ilẹ̀ ló ń sun ún, ṣé dáàmù ló ń dá a sílẹ̀, àbí òjò ló rọ̀? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ìwà odò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èrò tó ń ti Houston àti Dallas wá kì í bi í rárá. Wọ́n á rí omi, wọ́n á rí túùbù, wọ́n á sì rò pé odò kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

Comal, ilẹ̀ ló ń sun ún. Lábẹ́ àwọn òkè kéékèèké tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Austin àti San Antonio, òkúta ẹfun tó kún fún ihò àti àlàfo ló tẹ́ sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ á wọlé, á máa rìn nínú òkúta, títí yóò fi dé ibi tí ilẹ̀ ti là, níbi tí yóò ti tún yọ síta. Edwards Aquifer ni wọ́n ń pe ìṣúra omi abẹ́ ilẹ̀ náà, Comal Springs sì ni ìsun tó tóbi jù ní gbogbo Texas. Nítorí pé inú ilẹ̀ ni omi náà ti wá, kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn, kò mọ ọyẹ́. Nǹkan bí ìwọ̀n 72 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit ló ń wà látọdún dé ọdún. Lọ́jọ́ tí ìta bá ti lé ní 100, ẹni tó bá kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ á ké, ẹ̀yìn ìyẹn ni kò ní fẹ́ jáde mọ́.

Àwọn ará Jámánì tí Ọmọọba Carl ti Solms-Braunfels kó wá tẹ ìlú náà dó ní 1845 kò wá ṣe fàájì. Agbára omi ni wọ́n rí: Comal ló yí ọlọ fún wọn, òun ló yí ayùn ìlagi. Ìdí nìyẹn tí ìdídò kéékèèké ṣì fi wà lójú odò títí dòní. Ìlú ti wá la ojú ọ̀nà oníkọnkéré kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní Prince Solms Park, kí túùbù lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Tube Chute ni wọ́n ń pè é. Omi á fa èèyàn wọ inú rẹ̀, á gbá a kọjá pẹ̀lú ariwo, á sì sọ ọ́ sínú omi tó jìn nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á jáde, wọ́n á gbé túùbù sórí, wọ́n á tún sáré gòkè lọ síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìdílé Henry, tí wọ́n ra ibi ìgbafẹ́ kan létí odò náà ní 1966, rí ohun tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé owó ni. Ní 1979 wọ́n ṣí Schlitterbahn, ọgbà eré omi tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, omi Comal gan-an ló sì ń ṣàn nínú àwọn ọ̀nà ìyọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìsun náà kì í ṣe aláìlópin o. Ọ̀dá tó mú Texas láti nǹkan bí 1950 le débi pé ní 1956, Comal Springs dákẹ́ pátápátá fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́rin. Kì í ṣe òjò nìkan ló kọ̀. San Antonio àti àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi láti inú òkúta kan náà, òfin ìpínlẹ̀ nígbà náà sì sọ pé ẹni tó ni ilẹ̀ lè fa iye tó bá wù ú lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ọdún gorí ọdún kí nǹkan tó yí padà. Ẹgbẹ́ Sierra Club gba ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ, wọ́n ní ẹja kan wà tó ń jẹ́ fountain darter, tí kò gùn ju íǹṣì kan lọ púpọ̀, pé bí ìsun bá gbẹ, ẹja náà á pa run. Ní 1993, Adájọ́ Lucius Bunton dá wọn láre. Lọ́dún yẹn kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Texas dá àjọ Edwards Aquifer Authority sílẹ̀ láti fi òpin sí iye omi tí ẹnikẹ́ni lè fà. Àwọn èrò tó ń fi túùbù rọ́ lọ lórí Comal lónìí kò mọ ẹja yẹn, bẹ́ẹ̀ lòun ló jà fún omi tí wọ́n jókòó lé. Lójú akọ̀wé yìí, ó yẹ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára gbogbo túùbù tó wà nílùú náà.

Òfin tí èrò mọ̀ dáadáa ni ti agolo. Ẹ̀gbin tí ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ń fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ omi bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn ará New Braunfels nínú, agolo bíà lórí agolo bíà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí òfin pé ohunkóhun tí a ń jù nù lẹ́yìn tí a bá jẹun tàbí mu tán nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ odò láàárín ìlú. Àwọn oníṣòwò kan pe ìlú lẹ́jọ́. Adájọ́ fagi lé òfin náà ní 2014. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìyẹn dànù ní 2017, òfin sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Kúlà kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n kan lọ, ìdérí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dì pinpin. Wọ́n tilẹ̀ fòfin de rọ́bà gígùn tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń da bíà sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ọtí fúnra rẹ̀ kò lófin, bó bá ti wà nínú ife tó ṣeé fọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọmọ Yorùbá ni ti oúnjẹ. Ìyá tó bá gbéra láti Alief, ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Houston, tó ti dìde ní aago mẹ́rin ìdájí láti se jọ̀lọ́ọ̀fù, tó sì ti bù ú sínú abọ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń pín oúnjẹ níbi ìnáwó, máa ń ta kété nígbà tí òṣìṣẹ́ etí odò bá ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Mọ́ínmọ́ín inú fọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ wọ omi. Omi inú ike àjùnù náà ń kọ́? Òun náà rèé. Ike oúnjẹ onídérí tó ṣeé fọ̀, èyí tó wà nínú gbogbo kíṣìnnì Yorùbá, ló ń tẹ́ òfin lọ́rùn. Àwọn tó mọ̀ ti máa ń jẹun yó létí odò kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

San Marcos, tí kò jìnnà sí New Braunfels lójú ọ̀nà Austin, ìsun ló bí òun náà, ìwọ̀n otútù rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti Comal. Omi rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè ka òkúta nísàlẹ̀. Láyé àtijọ́, ibi ìsun rẹ̀ ni ọgbà Aquarena Springs wà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹlẹ́dẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ralph dánilárayá. Ẹlẹ́dẹ̀ náà á bẹ́ sódò, á sì lúwẹ̀ẹ́ lójú èrò tó sanwó. Yunifásítì ló ni ibẹ̀ báyìí, ẹlẹ́dẹ̀ ti lọ, ọkọ̀ ojú omi tí ìdí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì ṣì wà. Ẹgbẹ́ Lions Club ló ń yá èrò ní túùbù nínú ọgbà ìlú, owó tó bá wọlé sì ń lọ sí iṣẹ́ àánú. Ohun tó yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún níbẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀: ìrẹsì igbó Texas, koríko gígùn tútù tó ń mì nínú omi bí irun obìnrin tó tú, kò sí níbòmíràn láyé àfi ní máìlì mélòó kan àkọ́kọ́ odò yìí. Láti 1978 ni ìjọba ti kà á mọ́ ohun tó ń kú lọ. Ẹni tó bá dìde dúró láàárín odò láti ya fọ́tò ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ní 2024, San Marcos náà gba òfin agolo bíi ti aládùúgbò rẹ̀.

Èèyàn kò gbọ́dọ̀ mú ìwà odò ìsun lọ sórí Guadalupe.

Apá Guadalupe tí àwọn onítúùbù ń lò jù, láti ìsàlẹ̀ Canyon Dam dé Gruene, dáàmù ló ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló kọ́ dáàmù náà, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ lẹ́yìn rẹ̀ ní 1964. Láti ìsàlẹ̀ adágún ni wọ́n ti ń tú omi sílẹ̀, ìyẹn ló fi máa ń tutù ju bí ẹni tó wá láti Houston ṣe rò lọ. Ó tutù tó fún ẹja trout, ẹja ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ nígbà ọyẹ́, láti gbé níbẹ̀. Títì River Road ń bá odò náà rìn, ó sì ń gba orí afárá dá a kọjá lẹ́ẹ̀mẹrin, ibẹ̀ sì ni ilé ayánitúùbù tò sí lọ́tùn-ún lósì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Gruene wà, abúlé àwọn ará Jámánì tí gbọ̀ngàn ijó rẹ̀, Gruene Hall, ti wà láti 1878. Èrò á gòkè láti inú omi tàwọn ti ṣòkòtò tútù, wọ́n á sì wọ ibẹ̀ lọ gbọ́ orin.

Lórí Guadalupe, nọ́ńbà ni èèyàn ń kà kó tó wọ ọkọ̀ nílé. Àjọ USGS, tó ń wọn omi fún ìjọba àpapọ̀, ní ẹ̀rọ kan ní Sattler, nísàlẹ̀ dáàmù, tó ń sọ iye omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù sì lè rí i. Wọ́n máa ń kọ cfs (cubic feet per second) sẹ́yìn nọ́ńbà náà. Bí ó bá wà lábẹ́ 100, èèyàn á fi ọwọ́ wa túùbù títí apá á fi ro ó, ìdí á sì máa gbá òkúta. Láàárín 200 sí 400, gbogbo ẹbí á gbádùn. Bó bá ti ń sún mọ́ 1,000, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayánitúùbù kì í yáni ní túùbù mọ́. Ọkọ̀ rọ́bà tí èrò mélòó kan jọ ń fi àjẹ̀ tù ni wọ́n á gbé síta. Dáàmù lè tú omi púpọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, nítorí òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àlejò á wo òkè, á ní kò sí ewu. Òkè kọ́ ló yẹ kó wò.

Ìgbà kan wà tí dáàmù fúnra rẹ̀ kò lè dá omi dúró. Ní oṣù Keje ọdún 2002, òjò ọjọ́ bíi mélòó kan kún Canyon Lake dé ẹnu, omi sì gba ojú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, ó gbẹ́ odindi àfonífojì kan sínú òkúta, ilẹ̀ tó tó éékà 64, tó sì gùn tó máìlì kan. Ẹsẹ̀ dáínósọ̀ tí a kò rí rí hàn síta nínú àpáta. Látọdún 2007 ni afinimọ̀nà ti ń mú èrò wọ ibẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí ẹbí lè ṣe nítòsí odò láìwọ odò: kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn nínú iṣẹ́ ọwọ́ omi. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìkún omi 2002 yẹn, ní oṣù Kẹwàá 1998, òjò ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ dáàmù dípò òkè rẹ̀, Comal tí gbogbo èèyàn ń pè ní odò ọmọdé sì bá Guadalupe wọ ilé onílé ní New Braunfels.

Ẹ̀kẹta ni odò tí òjò ń tú sílẹ̀. Frio wà nínú ẹgbẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni apá òkè Guadalupe, ní agbègbè Kerrville àti Hunt, kó tó dé adágún. Ìsun kéékèèké ló ń bọ́ wọn lójoojúmọ́, ìyẹn ló ń jẹ́ kí omi wọn mọ́ kí ó sì tutù, ṣùgbọ́n òjò ni ọ̀gá wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga, ó gbágun, erùpẹ̀ tó bo àpáta kò nípọn, omi kò sì rí ibi wọ̀. Nígbà tí ìjì tó gba omi láti Òkun Mexico bá dúró sórí àwọn òkè yẹn, gbogbo ohun tó bá rọ̀ á sáré sínú odò lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Keje 1987, nítòsí Comfort, Guadalupe gbé ọ̀dọ́langba mẹ́wàá lọ, àwọn tí bọ́ọ̀sì ń kó kúrò níbi ìpàgọ́ ìjọ. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin oṣù Keje 2025, odò kan náà kún ní Hunt ju 20 ẹsẹ̀ bàtà lọ láàárín wákàtí kan, nígbà tí èèyàn ń sùn. Àwọn tó bá ìkún omi náà lọ káàkiri agbègbè lé ní 130. Ọmọbìnrin àti olùtọ́jú 27 ni Camp Mystic pàdánù, àgọ́ ìgbà ooru tó ti wà létí odò yẹn fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ará Ìbàdàn tó bá rántí ìkún omi Ògùnpa ọdún 1980 kò ní béèrè bí odò kékeré ṣe lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè béèrè ni ìdí tí ilé ìsùn ọmọdé fi wà lójú ọ̀nà omi, lẹ́yìn 1987. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, gómìnà fọwọ́ sí òfin tuntun tó ní kí àgọ́ ọmọdé má ṣe tún fi ọmọ sùn níbi tí ìkún omi ti mọ ọ̀nà, kí gbogbo wọn sì ní ètò bí wọn yóò ṣe kó ọmọ sá. Ẹbí tó bá fẹ́ pàgọ́ létí Frio tàbí òkè Guadalupe kò gbọ́dọ̀ dúró de gómìnà. Kí wọ́n ta àgọ́ sórí ilẹ̀ gíga, kí wọ́n fi ìró ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ sílẹ̀ lórí fóònù lóru, kí wọ́n sì ti mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà gòkè kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ibẹ̀ kò bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tó sì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ni kò ní, rédíò kékeré tó ń gba ìròyìn ojú ọjọ́ kì í wọ́n.

Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún Frio. Garner State Park, tó wà létí rẹ̀ ní Concan, wà lára ibi tó dára jù ní gbogbo Texas. Àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba Roosevelt gbà síṣẹ́ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ló kọ́ ọ, wọ́n ṣí i ní 1941, wọ́n sì fi orúkọ John Nance Garner, igbákejì Roosevelt tó fi agbègbè náà ṣe ilé, sọ ọ́. Igi cypress ńláńlá na ẹ̀ka bo omi. Ní alẹ́ ìgbà ooru, èrò á kóra jọ sí gbàgede ijó, wọ́n á ki owó bọ àpótí orin, àgbà àti ọmọdé á sì jọ máa jó bí wọ́n ti ń ṣe láti ayé àwọn bàbá wọn. Ẹni tí kò bá ti gba àyè sílẹ̀ ṣáájú kò ní wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹnu géètì ni wọ́n á ti dá a padà.

Ìdí tí àyè fi há bẹ́ẹ̀ kò le. Texas tóbi, ṣùgbọ́n nǹkan bí 95 nínú 100 ilẹ̀ rẹ̀ ni aládàáni ni. Odò nìkan ló yàtọ̀: ìsàlẹ̀ odò tó bá fẹ̀ tó 30 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ ti gbogbo èèyàn, nítorí náà onítúùbù lè gba àárín ilẹ̀ olówó kọjá láìsí ẹni tó lè dá a dúró, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti gòkè sí etí rẹ̀. Etí omi ló ń fa ìjà. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, ẹni tí túùbù rẹ̀ jò, ẹni tó fẹ́ sinmi lábẹ́ igi, gbogbo wọn á rí pátákó tó ní kí wọ́n má ṣe gòkè, ará Texas kì í sì í fi irú pátákó bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ọgbà ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ààbò tó yẹ. Ní 2023, ọdún tí ètò ọgbà Texas pé ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ti Fairfield Lake State Park pa nítorí pé ẹni tó ni ilẹ̀ tà á fún kọ́lékọ́lé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni àwọn olùdìbò wá gbà pé kí ìjọba ya bílíọ̀nù dọ́là kan sọ́tọ̀ láti ra ilẹ̀ ọgbà tuntun. Ó pẹ́ kó tó dé, ó sì dára pé ó dé.

Àwọn tí kò fẹ́ kí omi gbé wọn lọ síbì kankan náà ní ibi tiwọn. Barton Springs, láàárín ìlú Austin, jẹ́ adágún ìsun tó tó éékà mẹ́ta, tí kì í gbóná kọjá nǹkan bí 70. Balmorhea, lọ́hùn-ún nínú aṣálẹ̀ ìwọ̀ oòrùn, tún ju ìyẹn lọ fún ẹni tó lè wakọ̀ jìnnà: ìsun San Solomon ń da omi sínú adágún tó fẹ̀ ju éékà kan lọ, tó jìn tó 25 ẹsẹ̀ bàtà níbòmíràn, ẹja á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn kọjá. Jacob's Well ní Wimberley ti fìgbà kan jẹ́ ààyò gbogbo ọ̀dọ́. Ìsun rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni rí ní 2000, láti 2022 ni wọn kò sì ti jẹ́ kí èrò lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ mọ́ nítorí omi kò tó. Kànga àwọn ilé tuntun tó yí i ká ń mu láti inú òkúta kan náà.

Ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ ló kù, òun ló sì ń ká akọ̀wé yìí lára jù. Ìwádìí tí USA Swimming Foundation gbé jáde ní 2017 sọ pé 64 nínú 100 ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni kò mọ̀ ọ́n tàbí tí wọ́n mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ìtàn ló fa ìyẹn: títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ Barton Springs, ọ̀pọ̀ adágún ìlú mìíràn ní gúúsù Amẹ́ríkà kò sì yàtọ̀. Òbí tí wọn kò jẹ́ kó wọ omi kò lè kọ́ ọmọ rẹ̀. Ti ọmọ Yorùbá tó ṣí wá síbí gba ọ̀nà mìíràn. Ọmọ Ìlàjẹ tàbí ọmọ Ẹ̀pẹ́ lè ti mọ odò kó tó mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ Iléṣà, ọmọ Ọ̀yọ́, ọmọ Ìbàdàn, ìkìlọ̀ ìyá ni wọ́n fi tọ́ ọ: má dé etí odò. Ó dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà ní Houston, ó bímọ, ọmọ náà wá gba ìwé ìpè síbi ọjọ́ ìbí kan lórí Comal. Bàbá á ní omi kò kọjá orúnkún. Òótọ́ ni, àfi níbi tó bá ti jìn, ibi bẹ́ẹ̀ kì í sì í sọ tẹ́lẹ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì ni kí wọ́n wọ̀ fún gbogbo ọmọ, kí bàbá tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ wọ tirẹ̀ náà, kó má tijú. Ọ̀pọ̀ ayánitúùbù ní in nílẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè. Bàtà gbọ́dọ̀ ní okùn lẹ́yìn, torí sílípáàsì kò ní bá wọn délé. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kì í gbé inú àpò ṣòkòtò. Ọrùn ni kó wà tàbí lọ́wọ́ àwọn ayánitúùbù. Bí túùbù bá yí dànù níbi tí omi ti ń sáré, kí èèyàn dojú sókè, kí ó na ẹsẹ̀ síwájú, kó sì jẹ́ kí omi gbé òun dé ibi tó rọ̀. Kí ó má gbìyànjú àtidìde, nítorí ẹsẹ̀ lè há sáàárín òkúta, omi orúnkún sì lè tẹ èèyàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há mọ́lẹ̀ kó má lè gbórí sókè. Ìdídò tó rẹlẹ̀, tí omi ń gba orí rẹ̀ ṣubú, kí ẹnikẹ́ni má gba orí rẹ̀ kọjá bó ti wù kó kéré tó, torí omi ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí padà sẹ́yìn, ó sì ń di ohun tó bá wọ inú rẹ̀ mú. Àwọn tó ń so túùbù mẹ́wàá pọ̀ kí wọ́n má bàa pínyà náà, kí wọ́n tú u kí wọ́n tó dé ibi omi sísáré.

Fún ẹbí tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, Comal tàbí San Marcos ni, láàárín ọ̀sẹ̀, ní àárọ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ July 4 àti Memorial Day jẹ́ ti àwọn ọmọ yunifásítì àti spíkà wọn. Bí àwọn iléèwé bá ti wọlé, tí Labor Day ti kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì á dẹ́kun iṣẹ́, àwọn ayánitúùbù á dín ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí kù, ayé á sì gbàgbé odò, nígbà tí ooru Texas ṣì ní bí oṣù kan gbáko níwájú, tí omi San Marcos ṣì wà ní 72 bó ṣe wà nínú oṣù Keje. Àwọn tó mọ̀ á gbé ọkọ̀ méjì lọ, wọ́n á fi ọ̀kan sí òkè, wọ́n á fi èkejì sí ìsàlẹ̀.